Kò Sóhun Tó Ṣe Etí Ọ̀gá

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yìí, ẹ jókòó. Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Kò sóhun tó ṣe etí ọ̀gá tó fi àga yìí sílẹ̀ fún mi. Èmi ìkà yìí ni mo ṣe wọ́n.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa, ká to ohùn inú fíìmù kó dún bó ṣe yẹ. Tọ́wọ́ bá ti ti bọ́tìnì ohùn sókè sódò lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà á rántí, á máa tì í fúnra rẹ̀. Ìlà ohùn tá a bá sì ti parí, èmi tí mò ń tò wọ́n ni mo máa ń fi wọ́n pa mọ́ lójú kọ̀ǹpútà kọ́wọ́ má ṣèèṣì kàn wọ́n. Ọ̀gá kì í ṣí wọn wò. Wọ́n á ní, "Àbúrò mi ló tò ó, kí ni mo tún ń wá níbẹ̀?"

Àga wọn wọ̀ mí lójú. Wọ́n jáde lọ jẹun, mo bá darí ohùn ìyá kan nínú fíìmù tá à ń ṣe gba inú ìlà kan tí mo fi pa mọ́, mo fà á sílẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá dé, wọ́n ní ohùn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n wo bọ́tìnì, ó wà níbi tí wọ́n fi í sí. Wọ́n wá wò mí.

"Ṣé o fọwọ́ kan nǹkan?"

"Èmi kẹ̀? Ó dún dáadáa létí tèmi."

Wọ́n fura sí wáyà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n fura sí mi, wọn ò jáde jẹun mọ́. Àmọ́ mo ti fa ohùn náà sílẹ̀ káàkiri inú fíìmù náà ṣáájú, kọ̀ǹpútà wá ń bá mi ṣe é lójú wọn. Wọ́n ń ti bọ́tìnì sókè ṣáá kóhùn náà lè tó.

Lọ́jọ́ tí olówó fíìmù wá gbọ́ ọ, mo yọ ìlà tí mo fi pa mọ́ yẹn kúrò, ó wá ku ibi tí ọ̀gá ti bọ́tìnì sókè sí. Ohùn ìyá yẹn bú sí wa létí! Olówó fíìmù ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Ọ̀gá yíjú sí mi: "Àbúrò, sọ òtítọ́ fún mi." Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí etí yín ò ti gbọ́ dáadáa mọ́, ọ̀gá, èmi ni mo ń bò yín láṣìírí." Ẹnu mi yìí náà ni o. Ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò etí, wọ́n fi àga sílẹ̀ fún mi, wọ́n lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí wọn. Nínú ilé ìdáná, mo rọra bi ìyàwó wọn bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ nǹkan. Ọ̀gá dáhùn láti pálọ̀: "Mo gbọ́ ìyẹn o!" Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Àbí mi ò gbọ́ ọ? Ọkàn mi ò balẹ̀ sí etí yìí mọ́."

Ẹ ò rí i pé mi ò pariwo látàárọ̀? Mo ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá, àwọn ló dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa yẹn, kí wọ́n lè fi etí ara wọn gbọ́ mi. Ọ̀gá mi, ẹ forí jì mí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ mi, ẹ wọlé.

Ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ẹ dìde fún wọn.