Mo Ní Kí Ẹ Nù Ún

Rárá o, Dókítà, mi ò jókòó. Ẹ fi àga yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá ra nǹkan. Èmi ti ra tèmi, òun ló wà nínú páálí tí mo sọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yín yẹn, mo rù ú láti ṣọ́ọ̀bù mi débí, ọrùn ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọrùn ló gbé mi wá. Ẹ jẹ́ kí n dúró. Bí mo bá fi jókòó, ẹkún ni màá sun, mi ò sì fẹ́ sunkún níṣojú gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ tò sórí pẹpẹ yìí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo gbé kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ wá fún yín, tí mo ní kí ẹ bá mi nù ún, kí lẹ rò pé mò ń sọ?

Ẹn-ẹ́n. Ẹ tún un sọ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ ní ẹ nù ún. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ fún mi lórí fóònù láàárọ̀ yìí náà, "Ṣebí ìwọ lo ní kí n nù ún." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó wá tẹ ìwé ìwáṣẹ́ ń bi mí pé ṣé kò sí nǹkan o. Eruku ni mo ní lọ́kàn, Dókítà. Eruku. Èyí tó wà lórí ẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ níbi tí fáànù ti ń fẹ́, tó ti dì bí òwú. Èmi tó jẹ́ pé àkísà ni mo kọ́kọ́ dì mú kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú, nínù wo ni mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Nínù tiyín ni pé kí ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kí ẹni tó máa rà á má baà rí àṣírí ẹni tó lò ó kọjá. Ó dáa. Ó bọ́gbọ́n mu. Ta ló wá sọ fún mi?

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ẹ ò ní rí ẹ̀bi tiyín bí mi ò bá tò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí bí mo ṣe wá síbí. Kọ̀ǹpútà tí màmá mi fi dá ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yẹn sílẹ̀ ti darúgbó, bí mo bá tàn án, kó tó ṣí, oníbàárà á ti kí mi, á ti kí ará ilé mi, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Ó kú mọ́ ìyá kan lọ́wọ́ nígbà tí lẹ́tà tó ń kọ sí ilé iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ tó ti kú kù díẹ̀ kó parí. Ìyá yẹn kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, ó ti rẹ ẹ̀rọ yín náà." Ojú tì mí. Ni mo bá kó ìwọ̀nba tí mo ní, owó tó ń wo ọjà tí ọjà ò wò ó, mo wá bá yín, torí gbogbo àdúgbò ló ń pè yín ní Dókítà, wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ tó kú tí ẹ kì í jí.

Ẹ gbé mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, àlòkù tí ẹ tún ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi láàpútọ́ọ̀pù lọ̀ mí, mo ní rárá, bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́ lára ìyẹn, gbogbo ẹ̀ ló ń bá a lọ, tábìlì ni èmi ń jókòó tì, ẹ fún mi ní èyí tó ń gbé orí tábìlì. Èyí dúdú ń dán bí bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo yí i pa dà, mo gbóòórùn ẹ̀yìn ẹ̀, ó ń rùn bí wáyà tó jóná. Ẹ ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìyàwó lò ń fẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí mi ò lówó tí mo fẹ́ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èkejì, fáànù ẹ̀ ń wúkọ́. Ẹ̀kẹta ni eléérú yìí, ara ẹ̀ ha, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwọn ìdè onírin kéékèèké tó di ara ẹ̀ mú, orí wọn ò tíì jẹ, ìyẹn ni pé ọwọ́ tó ṣí i kò pọ̀. Mo béèrè bóyá ó ní ihò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wáyà píríńtà màmá mi ń wọ̀, ó ní. Mo jókòó, mo tẹ̀wé fún wákàtí kan gbáko lórí ẹ̀, mo di ọwọ́ mọ́ ara ẹ̀ bóyá ó máa gbóná, kò gbóná. Mo bi yín níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ni wọ́n fi ń kọ níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní a jọ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kan náà nìyẹn.

Ẹ wá gbá a lórí pẹ́pẹ́, ẹ ní, "Èyí tó dáa jù nínú ẹ̀ ni pé ìrántí ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti tìrẹ."

Ìrántí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi.

Owó mi ò pé, ẹ ní kí n gbé ti àtijọ́ wá kí ẹ fi dí i. Ẹ tún ní gbogbo ẹrù tó wà nínú ẹ̀ ni ẹ máa kó sínú tuntun fún mi, ẹ ní kò ní gbà yín ní ìdajì wákàtí. Àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀? Mo lọ sọ fún bàbá mi. Bàbá ní, "Ohùn ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n má mikàn, Dókítà ló máa kó o. Orúkọ yín ni mo dá o.

Mò ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ ohùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, mo gbé e wá. Ìwà tí màmá mi kọ́ mi ni pé a kì í gbé ohun ẹlẹ́gbin lé ọmọ ẹlòmíì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, mi ò ráyè nù ún nílé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Ni mo bá ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bá mi nù ún." Ẹ wò mí. Ẹ ní, "Kí n nù ún pátápátá?" Mo ní pátápátá, gbogbo kọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ẹ tún bi mí, mi ò ní purọ́ mọ́ yín, ẹ bi mí pé ṣé mo ti kó ẹrù mi. Mo wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi, wáyà wà níbẹ̀, máòsì wà níbẹ̀, mo ní, "Mo ti kó o, òun nìyí." Ẹ ní, "Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó máa dùn ẹ́?" Èmi tún wá rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ̀yin náà, ta ni eruku ń dùn?"

Ẹ wò ó. Ẹ̀rín ni mo fi sìnkú ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Ta ló ní mi ò jẹ̀bi? Láti àárọ̀ ni mo ti ń dá ara mi lẹ́jọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Ohùn tèmi bọ́ sílẹ̀ níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn ìyá mi ló lọ fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ìmọ̀ iṣẹ́, Dókítà. Aláìsàn kì í mọ orúkọ abẹ́rẹ́. Ṣé bí mo bá ní kí ẹ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi, tí ẹ gbọ́ pé kí ẹ yọ ẹsẹ̀, ẹ ò ní wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan sí i? Ọmọ tó ń ta kọ̀ǹpútà ìyá ẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, kò ṣe yín ní kàyéfì?

Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ò ṣòfò, ó wà nínú fíláàṣì. Gbogbo lẹ́tà gbogbo ayé ló pé. Ti ará ilé ni kò sí.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Kì í ṣe nǹkan ńlá, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Kì í ṣe ìwé ogún, kì í ṣe àdúrà ìkẹyìn. Ọdún tí àìsàn tó pa màmá mi ń bọ̀ tí a ò tíì mọ̀, oníbàárà kan ta maikiróòfóònù kékeré kan fún wọn, wọ́n tì í bọ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń dán an wò, ni kọ̀ǹpútà bá gba ohùn wọn sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ fù, fù. Wọ́n á ní, "Àlóò? Ṣé ó ń wọlé báyìí? Ẹ̀rọ yìí ò dá mi lóhùn." Wọ́n á wá pè mí, "Ọmọ yìí, wá nu ẹ̀rọ yìí o, kí eruku tó sọ ọ́ di ilẹ̀ tí a lè gbin àgbàdo sí." Ẹ ó gbọ́ ohùn mi lọ́ọ̀ọ́kán, mò ń kùn. Wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan, "Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

Ó tán. Ibẹ̀ ló já sí.

Bàbá mi, káfíńtà ni wọ́n kí ọwọ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn ló kan tábìlì tí kọ̀ǹpútà yẹn jókòó lé àti bẹ́ńṣì tó wà níwájú ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yọ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní àwọn kàn yà ni, àwọn ń lọ síbì kan. Kò síbì kan tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ obìnrin yẹn." Mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá débi àgbàdo, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ní gbogbo ìgbà, bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Bó bá wá débi, "Ṣé ó ti jẹun?", Dókítà, bàbá mi á dáhùn. Wọ́n á ní, "Mo ti jẹun." Wẹ́rẹ́ báyìí. Wọ́n á dé fìlà wọn, wọ́n á máa lọ sílé.

Ọdún mẹ́rin. Wọn ò jẹ́ pa á jẹ. Nígbà míì, mo mọ̀ pé wọn ò tíì jẹun, wọ́n á kọ́kọ́ lọ wá nǹkan jẹ kí wọ́n tó wá, kí wọ́n má baà purọ́ fún un.

Ọ̀la ni Ẹtì.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò fi í sínú fóònù. Mo fi lọ̀ wọ́n rí. Bàbá ní ta ló ń fi ìyàwó ẹ̀ sínú àpò rìn, ibi tó jókòó sí ni àwọn fẹ́ ti máa gbọ́ ọ. Mo gbà fún wọn. Mo rò pé ohun tó wà nílé wà nílé ni.

Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè jí i? Ẹ̀yin tí ẹ ń jí òkú ẹ̀rọ. Ẹ wò ó dáadáa, bóyá ó ṣì lẹ̀ mọ́ ibì kan nínú ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ sì fi òfo bò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i wú jáde. Iṣẹ́ tó mọ́ nìyẹn. Oníṣẹ́ gidi ni yín, mi ò lè bú yín. Mo ní kí ẹ nù ún, ó sì nù. Ẹ ò rí bí èdè wa ṣe ń fi èèyàn ṣeré? Ọ̀rọ̀ tí a fi ń nu tábìlì, òun náà la fi ń sunkún ohun tí a ò rí mọ́. Ẹ wá ta ìrántí ìlọ́po mẹ́rin fún mi, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó máa rántí.

Rárá, mi ò sunkún. Ẹ̀rín ló ń pa mí. Ẹ dúró, ẹ̀rín ni, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn ni. Kí ni màmá mi sọ nínú ohùn yẹn? "Ọmọ yìí, wá nu ẹ̀rọ yìí." Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń rán mi níṣẹ́ yẹn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mò ń gbọ́, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo wá jẹ́ iṣẹ́ náà. Màmá, mo ti nù ún o.

Ó tó. Ẹ má dá owó kankan pa dà fún mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbé òmíràn fún mi, èyí tí mo yàn dáa, mo fi ojú ara mi yàn án, màá rù ú pa dà sílé. Ohun méjì ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé ti àtijọ́ fún mi bó ṣe ṣófo yẹn, màá máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀, torí bí bàbá mi bá wọlé tí wọn ò rí i lórí tábìlì tí wọ́n kàn, mi ò mọ ohun tí màá ṣe. Èkejì, ẹ máa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la, kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ńṣì yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn, torí èmi ò lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ṣàlàyé nínù tiyín àti nínù tèmi fún wọn bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Wọn ò ní bú yín.  Ṣùgbọ́n tó bá yá, bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, wọ́n á sọ pé àwọn ti jẹun, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ béèrè. Kí ẹ dá wọn lóhùn o.

Ẹ bá mi gbé páálí yẹn rù. Ẹ ṣeun.

Àti pé lọ́la, kí ẹ tó wọlé, ṣọ́ọ̀bù màmá mi ni, ẹ nu ẹsẹ̀ yín.