Ibi Tó Gbóná Jù Nínú Yàrá

Alága wa, Ọ̀gá Tak Hyeong-gu, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ tí ẹ ti ń kó eérú iná tó ń mú ilẹ̀ ilé gbóná kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí páìpù tó dóde, mo forí balẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin oníbàárà wa láti inú ìlú Jecheon àti àwọn abúlé orí òkè, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fara ti ògiri lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Orúnkún mi ló fẹ̀yìn tì, kì í ṣe èmi Seok Man-bok. Ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ rákò nínú ilé onílé, tó ń to páìpù omi gbígbóná sílẹ̀ kí yàrá lè móoru, tó ń da sìmẹ́ńtì lé e, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí kò gbóná kiri, ǹjẹ́ orúnkún rẹ̀ kò ní bínú? Síbẹ̀, ọpẹ́ ló yẹ mí. Ẹni a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Pyo Jong-dae, alábàáṣiṣẹ́ mi, dìde kí wọ́n rí ọ. Ẹ wò ó! Kò sí èébú tí ọkùnrin yìí ò tíì gbọ́ lẹ́nu mi. Inú mi kì í pẹ́ ru, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Pyo, dárí jì mí. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ? Ó ní kí n kọ́kọ́ ra ẹran fún òun ná. Jókòó jàre, aláìnítìjú!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Guk Ok-bun fún yín, nítorí mo rí Ma Yeon-suk, ìyàwó ọmọ rẹ̀, láàárín wa lónìí. Orí òkè ni ìyá yìí ń dá gbé, nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n ń dáná igi sí lábẹ́ ilẹ̀. Ó ṣubú sínú yìnyín lójúde ara rẹ̀ nígbà òtútù kan, ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ń kọjá ló fi yè é. Ni ọmọkùnrin rẹ̀ bá mú un wá sílé tuntun tirẹ̀, ó sì ní ká bá òun ṣe ilẹ̀ gbígbóná sí yàrá rẹ̀. A to páìpù náà dọ́gbadọ́gba, kò síbi tó gbóná ju ibì kan lọ. Mo ń yangàn kiri ìgboro.

Kò pẹ́ tí Yeon-suk fi pè: "Ọ̀gá, ìyá ní yàrá àwọn tutù." A lọ. A tú afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, a yẹ bọ́ílà tó ń se omi náà wò, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀: ó gbóná fẹlifẹli. Ìyá ní, "Ó tutù." A tún padà lọ. "Ó tutù!" Pyo sọ sí mi létí pé, "Ọ̀gá, ìyá yìí kàn ń fi wá ṣeré ni." Nígbà tí a máa fi tún débẹ̀, ìyá ti di ẹrù, ó ti wọ kóòtù, ó ní òkè lòun ń padà lọ. Yìnyín sì ń já bọ́. Yeon-suk ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà: "Wọ́n á kú síbẹ̀, ayé á ní èmi ni mo lé wọn."

Mo jókòó ti ìyá. Mo ní, "Ìyá, ibo gan-an ló tutù?"

Ó ní, "Ìwọ onípáìpù yìí, ṣé o lójú ṣá? Nílé mi, ibi tó sún mọ́ ààrò ló ń gbóná jù, ibẹ̀ sì ni àyè àgbà. Béèyàn bá wọlé, á ní, 'Ìyá, ẹ sún síbi tó gbóná.' Abẹ́ aṣọ ìbora níbẹ̀ la ń gbé ìrẹsì ẹni tí ò tíì dé sí, kó má baà tutù. Níbí ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ gbóná, oníkálukú ń jókòó síbi tó wù ú. Ta ló fẹ́ ní kí n sún? Kí n sún síbo?"

Háà! Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ní, "Pyo, gbé òòlù wá!" Ọmọkùnrin ìyá náà figbe ta: "Ilẹ̀ tuntun náà?" A fọ́ ọ. A to páìpù súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí ní igun tó jìnnà sí ilẹ̀kùn kí ibẹ̀ lè gbóná jù, a jẹ́ kó jìnnà síra lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá ní òun á dúró kí sìmẹ́ńtì gbẹ, àmọ́ òun ò ní tú ẹrù òun. Nígbà tó gbẹ, Yeon-suk gbé abọ́ ìrẹsì ọkọ rẹ̀ sí igun yẹn, ó fi aṣọ bò ó, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síbi tó gbóná." Ìyá jókòó, ó fọwọ́ pa ilẹ̀, ó wá ní ó gbóná jù! Pyo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn náà ló tú ẹrù rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà òtútù ló lò síbẹ̀. Ní èyí tó kọjá yìí, nígbà tí kò lè dìde mọ́, tí ikú rẹ̀ ti sún mọ́, ó ní kí wọ́n sún òun sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé ara ló ń ni ín tó fi ń sọ̀sọkúsọ. Ó nawọ́ sí igun rẹ̀, ó wo Yeon-suk lójú, ó ní, "Ìyàwó mi, sún síbi tó gbóná. Ó ti kàn ọ́."

Yeon-suk, ó tó, nu ojú rẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́ílà yín kò ní kú lójú òtútù, páìpù yín kò ní jò. A ó dàgbà, a ò ní dá gbé, a ó sì rí ẹni gba àyè wa lọ́wọ́ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín pátá. Ẹ ṣé o.