Mo Pe Ọkọ Mi ní Onírọ́ Nítorí Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lójú Oòrùn

Ọkọ mi kò nà mí rí. Kò pariwo mọ́ mi rí, kò sì kọ oúnjẹ mi sílẹ̀ rí. Ẹni tó bá rí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi yóò sọ pé ilé wa tutù bí omi àmù. Ó tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín, kí n sọ ohun tí n kò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣẹ ọkùnrin yìí níbi tó dùn ún jù, ó sì ti dárí jì mí láti ọjọ́ náà. Ìdáríjì ọ̀hún gan-an ló ń pa mí lẹ́kún.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì, Ìbàdàn ni iṣẹ́ gbé wa wá. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Bódìjà, ọkọ mi sì ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Challenge. Nígbà ìjọba ológun, nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le tí àwọn òyìnbó ń padà sí ìlú wọn, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá rẹ̀ ta ọkọ̀ rẹ̀ fún un. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ nígbà náà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó wà nínú àpótí irin pẹlẹbẹ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwa kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́fà tí ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ṣíwọ́, nígbà mìíràn aago mẹ́fà á ti kọjá kí n tó gbúròó rẹ̀. Á ní ọkọ̀ ló kú ní Dùgbẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, á ní ó kú ní Mọ́kọ́lá, òun dúró tì í, nígbà tó yá ó tún ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ọkọ̀ a máa kú kó tún jí fúnra rẹ̀? Bí a bá jọ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, kì í kú. Bí a bá gbé e dé Agbowó lọ ra nǹkan, kì í kú. Àfi ìgbà tí èmi kò bá sí níbẹ̀!

Ìfura loògùn àgbà, ni mo wí fún ara mi, obìnrin kan ló ń yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọ takisí lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀ láìsọ fún un. Ọkùnrin náà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, "Màdáàmù, mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti pààrọ̀ pọ́ńpù epo. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ló ń ṣiṣẹ́ geere. N kò rí nǹkan kan tó ṣe é." Èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ jù rèé: bí mo ṣe ń padà bọ̀, inú mi ń dùn. Mo wá ẹ̀rí tí yóò dá ọkọ mi lẹ́bi, mo rí i, inú mi sì dùn!

Lákòókò yẹn ni bàbá mi wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí Bàbá máa lọ ilé, ọkọ mi ni yóò wá gbé wa láago méjìlá ọ̀sán. Èmi àti Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ojú wọn kan wà nínú báńdéèjì, títí aago mẹ́rin fi lù. Nígbà tí ọkọ mi dé, òógùn ti bò ó dé ìgbànú.

"Ìyá Ṣadé, má bínú, ọkọ̀ ló…"

N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Irọ́ lẹ̀ ń pa! Mo ti lọ bá mẹkáníìkì yín, kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀! Ẹ sọ ibi tí obìnrin náà ń gbé, kí bàbá mi gbọ́!"

Ó wò mí. Ó ní, "O lọ bá mẹkáníìkì?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ọmọdé. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, èmi tí ebi pa lórí bẹ́ǹṣì yìí gbà á gbọ́. Kí ló dé tí ìwọ kò gbà á?" Mo ní Bàbá kò mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, nítorí náà lọ́jọ́ kejì mo mú Ṣadé ọmọ wa, mo sì bá bàbá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Bàbá kò bá mi jà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ṣa ẹ̀wà ni wọ́n kàn ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Má jẹ́ kí ilé rẹ di ọjà yẹn o." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n padà sílé ọkọ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yẹ kí dókítà tún yẹ ojú Bàbá wò. Ọkọ mi ló wá pàdé wa ní gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó gbé Ṣadé mọ́ra, ó sì gba báàgì lọ́wọ́ mi bí ẹni pé n kò bú u rí. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró láti Agbowó títí dé Sángo. Bí a ṣe dé Mọ́kọ́lá báyìí, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójijì. Mo rò pé yóò kọjú sí mi, kó ní, "Ṣé o ti rí i báyìí?" Kò sọ ọ́. "Bàbá, ẹ má bínú sí ooru yìí," ló wí, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn.

Rìwáyà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì níbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà ni, Alhaji ni wọ́n ń pè é. Ó fi gílóòbù kékeré tó so mọ́ wáyà yẹ ibi gbogbo wò. Ó ní iná ń wọ inú kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ń jáde lọ bá ẹ́ńjìnnì. Ó fọwọ́ kan àpótí irin yẹn, ó yára yọwọ́. "Ìyàwó, ẹ bá mi rẹ aṣọ sómi." Ìborùn mi ni mo rẹ sínú omi búútà àlùwàlá rẹ̀. Ó ní kí n gbé e lé àpótí náà, kí n dì í mú. Mo kúnlẹ̀, mo ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ooru irin sì ń gba inú aṣọ tútù bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ní kí ọkọ mi ṣáná. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan!

Alhaji ní, "Nǹkan ti sán nínú ọpọlọ rẹ̀ yìí. Bó bá gbóná, á ya. Bó bá tutù, á tún pàdé. Mẹkáníìkì tó bá bá a ní tútù kò lè rí i láéláé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí mà ti jìyà o!"

Àjèjì tí kò mọ̀ wá rí ló ń káàánú ọkọ mi báyìí, èmi tí mo bá a gbé fún ọdún mẹ́jọ kò káàánú rẹ̀! Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti bú sẹ́kún, mo ní kó forí jì mí. Ó fà mí dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún mi. "Ó ti tó. Dókítà ń dúró de Bàbá."

Alhaji bá wa wá irú kọ̀ǹpútà náà lára àwọn ọkọ̀ tó ti forí gbági. Èyí tó kọ́kọ́ mú wá, nọ́ńbà ara rẹ̀ kò bá tiwa mu, kò sì gbà láti ṣiṣẹ́. Èkejì bá a mu. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ náà kò kú lọ́nà mọ́.

Ẹ̀yin ará, ibi tó yẹ kí ìtàn mi parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Láti ìgbà náà, ọkọ mi kò lè pẹ́ dé kó sì wọlé lásán mọ́. Bí ó bá yà sí ilé ìfowópamọ́, á mú bébà tí wọ́n fún un wá hàn mí. Bí wọ́n bá ṣe ìpàdé, á ní kí ẹni tí wọ́n jọ ṣe é kọ aago tí wọ́n parí rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ kí ẹnì kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní Baṣọ̀run, ó sì mú bàbá arúgbó kan, aládùúgbò wa tí wọ́n jọ lọ, wọ pálọ̀ wa. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ ibi tí a ti ń bọ̀ fún ìyàwó mi." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Bàbá arúgbó náà kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, mo ní, "Bàbá Ṣadé, mo gbà yín gbọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó fọwọ́ kan ejìká mi pẹ̀lẹ́. "Mo mọ̀. Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ni."

Kò fi gún mi lára o, ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, ìyẹn ló sì burú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ̀yin ọkùnrin tí ìyàwó ti ṣẹ̀ rí, kí ni kí n ṣe? Kí ni kí n sọ fún un tí yóò fi lè pẹ́ níta lọ́jọ́ kan, kó wọlé lọ́wọ́ òfo, kó jókòó, kó kàn ní kí n bu oúnjẹ wá?