Imú Fóònù

Ọmọ-ọmọ mi, ọdún tí wọ́n hú títì Ajah sí Ẹ̀pẹ́, tí eruku ń bá wa jẹun, mo tò sẹ́yìn tọkọtaya kan ní kẹ́mísìtì. Ọmọ tí ìyàwó pọ̀n ń mí tagbáratagbára, àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè.

Ìyàwó ní, "Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má gbé e jáde?"

"Mo wo áàpù afẹ́fẹ́ inú fóònù mi. Àwọ̀ ewé ló yọ, ó ní afẹ́fẹ́ dáa."

"Afẹ́fẹ́ ibo?"

Ọkọ yọ fóònù rẹ̀ wò. "VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó tí mo ti ń wakọ̀ fún ọ̀gá mi. Mi ò rántí yí i sí Ajah."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Afẹ́fẹ́ ọ̀gá yín lẹ wò, ẹ wá gbé ọmọ mi sínú eruku tiwa!"

"Rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò! Ṣé imú fóònù lọmọ yìí fi ń mí ni?"

Gbólóhùn yẹn bá mi délé. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi, bàbá rẹ wà níbẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ mi jáde, kó kọ́kọ́ fi etí lé e láyà.