Ilé Ìdáná Ẹlẹ́hàá

Nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde, mo lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé n'Ílọrin, mo sì bá Àáfáà àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọdé wolé-wolé kan tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

“Àáfáà, òfin ni. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ tà nínú ilé, a gbọ́dọ̀ yẹ ilé ìdáná rẹ̀ wò kó tó gbàwé àṣẹ.”

“Ọmọ mi, ìyàwó mi wà ní ẹ̀hàá. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kì í wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ló ń jáde, òun kì í jáde.”

“Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ń jáde yẹn gan-an lòfin ń wò. Bí a ò bá yẹ ibẹ̀ wò, kò gbọdọ̀ tà mọ́ láti ọ̀la lọ.”

“Títà yẹn la fi ń jẹun. Àwọn ọmọ kéú mi kì í san nǹkan kan.”

“Mo mọ̀, Àáfáà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí ohun tójú mi ò rí.”

“Ṣé kò sóbìnrin láàárín yín tó lè wọlé lọ wò ó ni?”

“Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbí, kì í sì í ṣe wolé-wolé. Ẹ̀wà ló ń sè wá fún wa látilé rẹ̀ lọ́sàn-án.”

“Ta ló yẹ ilé ìdáná tiẹ̀ wò?”

Àáfáà ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ló ṣe béèrè. Wolé-wolé yẹn kàn ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sán ti pọ́n, òórùn ẹ̀wà sì ti ń wọlé bọ̀.