Ẹni Tó Fẹ́ Rí Omi Issaba

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Pobẹ̀, nígbà tí òmìnira wa ṣì tuntun, ni mo ti gbọ́ ohun tí ìyá oníṣòwò gààrí kan àti ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kọ́rùn ń bára wọn sọ.

"Ìyá, wọ́n ní orísun omi kan wà ní Issaba tó rẹwà."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ará Àjàṣẹ́."

"Ṣé wọn ò ní omi lọ́dọ̀ tiwọn ni? Lọ wo ọjà Sakẹ́tẹ́."

"Ọjà wà níbi gbogbo, Ìyá. Olùkọ́ ni mí, ìran lásán ni mo wá wò."

"Ẹni tó wá lọ́jọ́sí náà yin igbó wa. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi gbé okùn ìwọnlẹ̀ dé, wọ́n gba oko ẹ̀gẹ́ àbúrò mi, wọ́n gbin ọ̀pẹ ìjọba sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ nìyẹn."

Bàtà rẹ̀ ti gbó, ohùn rẹ̀ sì tutù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ìyá náà pàápàá ti nawọ́ láti júwe ọ̀nà fún un.

"Ta ló ni ilẹ̀ ibẹ̀?" ni ọkùnrin náà bèèrè.

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Olùkọ́, ṣé ẹni tó wá wòran máa ń bèèrè ẹni tó ni ín?"

Ó lè jẹ́ pé àyè ló fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yíjú sí mi, tó bi mí léèrè ibi tí mo ti wá, mo ní àlejò ni mí.

Issaba ni wọ́n bí mi sí.