Jíà Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀rá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹjọ́ tí mo gbé wá yìí, ara mi ni mo fẹ́ rò ó mọ́. Ohun tí mo ṣe kò pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ olóòótọ́ di olè. Mo ti fi í pamọ́ láti ọdún tó kọjá. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé wọ́n ti ní kí n wá dìde sọ ìtàn náà níbi ìsọmọlórúkọ kan, èyí tí wọ́n sì ń retí lẹ́nu mi kì í ṣe òótọ́ délẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ kò wọ́n. Owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé, gbogbo ilé ló sì ń fẹ́ omi. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ní Ìsọlọ̀ gbà mí sí ọ́fíìsì bí akọ̀wé. Láìpẹ́, ọ̀gá wa ra jíìpù tuntun, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lè jọ fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ó ní jíà méjì: ńlá tí gbogbo ọkọ̀ ní, àti kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá ti kékeré yẹn síwájú, táyà iwájú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọkọ̀. Lójú ọ̀nà tó dára, kò yẹ kó wà níbẹ̀, torí epo ni yóò máa jẹ.

Ọ̀gá fẹ́ràn jíìpù náà débi pé ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó wá láti òkè òkun. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ti ń ṣe é: bí ọ̀rá bá ṣì wà lára rẹ̀, tuntun ni. Ọ̀rá wà lára àga, ó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì bo jíà kékeré náà mọ́lẹ̀. Wọ́n fi jíìpù náà lé Bàbá Káyọ̀dé lọ́wọ́, dírẹ́bà wa, ará Èkìtì tó ń gbé ní Ṣógúnlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan jíà kékeré. Kò sì fọwọ́ kàn án.

Èmi ni mo fọwọ́ kàn án.

Mo ń kọ́ ọkọ̀ wíwà nígbà náà, ojú sì ń tì mí láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé n kò tíì mọ̀ ọ́n wà. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo wá sí ọ́fíìsì bí ẹni tó fẹ́ parí iṣẹ́. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo wa jíìpù náà lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. Òjò ti rọ̀. Ọkọ̀ náà rì sínú ẹrẹ̀. Mo ti ka ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá, nítorí náà mo ká ọ̀rá sókè, mo ti jíà kékeré síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní purọ́ fún yín: nígbà tí jíìpù náà jáde nínú ẹrẹ̀ yẹn, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ. Mo fọ táyà, mo dá ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀, mo fi ọ̀rá bo jíà náà dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò dá jíà náà padà. Mo gbàgbé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ẹni tí òùngbẹ gbẹ dé láti oko. Epo tó ń gbé e lọ-bọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbé e débi iṣẹ́ mọ́. Bàbá Káyọ̀dé sọ pé ọkọ̀ náà tún ń le lọ́wọ́ òun ní kọ́nà. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Ọkọ̀ tuntun ni, kí ló lè ṣe é? Ènìyàn ni wọ́n fura sí.

Ọ̀gbẹ́ni Múdà tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, jíìpù kan ò lè dá mu gbogbo epo yìí. Ta ló ń bá a mu ún?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ilé-Epo. Wọ́n ní ó ń fa epo jáde, ó ń tà á ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì. Bó bá ń kọjá, ẹnì kan á ní, "Ilé-Epo, ẹ bá mi wọn gálọ́ọ̀nù kan."

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti wúwo nìyí. Pé mo gbàgbé, mo rò pé ẹ lè fojú fò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé ọkọ̀ ń le ní kọ́nà, mo mọ ohun tó ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mo rò ó pé kí n yọ́ lọ dá jíà náà padà. Ṣùgbọ́n bí epo bá ṣàdédé tó lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, wọn á ní ẹ̀rù ló ba olè, ó ti ṣíwọ́. Mo tún rò ó pé kí n sọ òótọ́. Iṣẹ́ mi á lọ. Mo ń wọ̀n ọ́n síhìn-ín, mo ń wọ̀n ọ́n sọ́hùn-ún, Bàbá Káyọ̀dé sì ń rù.

Nígbà tó yá, ọ̀gá pè wá jọ, ó ní àgọ́ ọlọ́pàá ni òun yóò ti parí ọ̀rọ̀ náà. Mo wo Bàbá Káyọ̀dé. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ń nu kọ́kọ́rọ́ jíìpù mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá ohun olóhun padà ní mímọ́. Mo dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí, "a ò tíì mọ̀ pé wọ́n jí epo. Ohun tí a mọ̀ ni pé epo ń tán."

"Akọ̀wé, là á yé mi."

"Ẹ jẹ́ ká rọ epo kún táǹkì. Kí ẹ̀yin fúnra yín wà á, kí Ọ̀gbẹ́ni Múdà jókòó tì yín. Kí Bàbá Káyọ̀dé dúró síbí lójú gbogbo wa."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba Òṣòdì kọjá lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n sì padà. Bàbá Káyọ̀dé kò kúrò lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọ̀gá kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó ń wo aago epo. Epo ti lọ gẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n pè ní olè.

Ọ̀gá ní, "Múdà, ṣé èmi àti ìwọ la jọ mu ún?"

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní, "Ẹ gbóòórùn ẹnu wọn wò ná." Ọgbà náà mì tìtì fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Káyọ̀dé náà wà lára àwọn tó ń rín in.

Mo wọ inú ọkọ̀, mo ká ọ̀rá sókè, mo fi jíà náà hàn wọ́n, mo sì dá a padà. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá tún gba ọ̀nà kan náà. Díẹ̀ báyìí ni epo fi dín. Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya gbogbo ọ̀rá inú jíìpù náà dànù, ó bẹ Bàbá Káyọ̀dé níwájú wa, ó sì fi í ṣe olórí àwọn dírẹ́bà. Múdà dọ̀bálẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní Ilé-Epo gbé e lé èjìká yí ọgbà po. N kì í ṣe ẹni tó ń pariwo, ṣùgbọ́n mo pariwo lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ ti borí, bí mo tilẹ̀ mọ ẹni tó fi í pamọ́.

Ọ̀gá bi mí pé, "Ta ló wá ti jíà yìí síwájú?"

Mo ní, "Bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, sà."

Mo fi "bóyá" sí i kí n lè sọ fún ara mi pé n kò purọ́. Irọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ronú díẹ̀ ni, ì bá rántí pé jíìpù náà kò jẹ epo bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó rántí. Ayọ̀ ti pọ̀ jù.

Ní báyìí, oṣù ìyàwó Bàbá Káyọ̀dé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ó wá sí yàrá mi, ó ní bó ṣe akọ, bó ṣe abo, Olúwadámiláre ni orúkọ ọmọ náà. Ó ní, "Akọ̀wé, gbogbo àwọn tó pè mí ní olè ni mo ti pè. Ẹ̀yin lẹ ó dìde sọ fún wọn bó ṣe rí."

Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́ tán pátá. Ìyẹn kò rú mi lójú mọ́. Ohun tí mo ń bi yín nìyí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá a ní Ṣógúnlé, kó lè yan ẹlòmíràn bó bá wù ú? Àbí kí n sọ ọ́ níbẹ̀, níwájú àwọn tó bú u, kí ẹ̀bi náà lè dé ibi gbogbo tí ẹ̀gàn rẹ̀ dé? Ẹ bá mi wò ó.

Ní ti orúkọ náà, kí ẹnikẹ́ni má yí i padà. Bàbá Káyọ̀dé jàre lóòótọ́. Jíìpù kọ́ ló jẹ̀bi rẹ̀, èmi ni.